Ìborùn Tí Mo Fi Wo Eré ní Ìbàdàn

Ọjọ́ tí tíṣà wa sọ fún wa pé a máa lọ wo eré orí ìtàgé ní Ìbàdàn, gbogbo kíláàsì ló hó yèè, àfi èmi. Èmi ti ń ro bí mo ṣe máa dárúkọ Ìbàdàn níwájú Màámi. Ilé ìwé mọ́dà, èyí tí à ń lọ lẹ́yìn pámárì, ni mo wà nígbà náà, ní Igbó-Ọrà, láyé ìgbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn sójà ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wa ò tíì kọjá Èrúwà rí. Tíṣà ní eré náà ń bani lẹ́rù débi pé àwọn àgbàlagbà dìde sá jáde níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń polówó ọjà, àwa náà sì rà á. Ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀rù, tí kò bá ṣáà ti í ṣe èyí tó wà nílé tiwọn.

Ilé tiwa ní ẹ̀rù tirẹ̀.

Ìbejì ni wọ́n bí mi. Ní Igbó-Ọrà ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ojúlé tí o máa yà sí nínú agbo ilé wa tí o ò ní bá ìbejì. Ojú kan náà ni èmi àti ìkejì mi ní. Màámi ní láti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti jẹun nínú wa. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún méje, ibà kan náà dá àwa méjèèjì dùbúlẹ̀. Tèmi fúyẹ́, tirẹ̀ le. Bàámi gbé e wọ lọ́rì lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn, Màámi dúró tì mí nílé. Nígbà tí Bàámi padà dé, àwọn nìkan ni wọ́n bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ lọ, tí wọ́n ká pọ̀ sí abẹ́ abíyá.

Wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò ni, tàbí ó lọ sọ́jà, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó sì tẹ̀ lé e. Bí Bàámi ṣe wọlé, èmi tí mo wà lórí ẹní ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún Màámi pé, "Ó dúró sí Ìbàdàn." Ohun tí àṣà ní kí wọ́n sọ ni wọ́n sọ. Màámi tí kò rí òkú, tí kò rí ibojì, gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, wọ́n sì dì í mú.

Àwọn àgbà obìnrin agbo ilé rò pé ìbànújẹ́ ni, pé tó bá yá á lọ. Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, wọ́n wá bá Màámi pé ó tó àkókò kí wọ́n gbẹ́ ère fún ìkejì mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, kó lè rí ibi jókòó sí nínú ilé.

"Ère ta ni?" ni Màámi bi wọ́n. "Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lẹ fẹ́ gbẹ́ ère rẹ̀?"

Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, bí Màámi bá ra aṣọ, méjì ni. Bí ọdún bá ti yí po, èyí tó tóbi sí i ni wọ́n ń rà fún un, wọ́n á tò ó sínú àpótí. Aṣọ rẹ̀ ń dàgbà nínú àpótí bí tèmi ṣe ń dàgbà lọ́rùn mi. Wọ́n ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́. Mo sanra gan-an nígbà náà, ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Ohun kan ni kò yé mi. Ẹ̀gúsí ni Màámi ń tà. Gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń kó tiwọn lọ sí Ìbàdàn níbi tó ti ń pa owó, Màámi nìkan ló ń gbé tiwọn fún alájàpá ní Èrúwà. Wọn kì í lọ sí Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ìnáwó, ì báà jẹ́ ọ̀fọ̀. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí ìlú náà ni. Ó yẹ kéèyàn bínú sí i, lójú tèmi.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá wọn lọ́jọ́ tí Tíṣà sọ̀rọ̀ eré náà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi láìmí. Bí mo ṣe dárúkọ ìlú náà, ọwọ́ wọn dúró.

"Níbo lo ní ẹ ń lọ?"

"Ìbàdàn ni, Màámi. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ, a ó sì padà lọ́jọ́ kan náà."

"O ò lọ."

"Gbogbo kíláàsì ló ń lọ, Màámi."

"Ojú gbogbo kíláàsì ò jọ tìẹ."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fìbínú dìde, mo fi ẹsẹ̀ da èèpo ẹ̀gúsí nù, mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Onínúfùfù ọmọ ni mí, ọjọ́ orí ò sì tíì wò mí sàn.

Tíṣà wa kì í ṣe ẹni tó lè gbà pé èèyàn kan wà tí kò fẹ́ wo eré. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n fi í ṣe ọba nínú eré kan, kò sì tíì bọ́ adé náà sílẹ̀ títí di ìgbà tó ń kọ́ wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi láàárín èèpo ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pàdánù eré yìí. Ẹ̀kọ́ ni o."

Màámi ò gbé ojú sókè. "Kí ni wọ́n ń ṣe nínú eré ọ̀hún?"

Ohun tí Tíṣà ń wá nìyẹn. Ó fa àpótí ìjókòó kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ló kú nílùú rẹ̀, wọ́n sin ín, wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti di àkúdàáyà, pé ó ti bọ́ sí ìlú ńlá kan tó jìnnà, pé ó ń tajà níbẹ̀. Ó lọ́kọ, ó bímọ, gbogbo ọjà ló fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé òkú ni àwọn ń bá dọ́wẹ̀ẹ́kẹ̀. Àfi ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ láti ìlú àwọn wá ná ọjà náà.

Gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá ti sọ pé "kú" tàbí "òkú", mo ń yọjú wo Màámi. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Màámi ò bínú. Wọ́n ti gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Tí àbúrò náà bá rí i ńkọ́?"

"Tó bá rí i, tó sì pè é, ó tán nìyẹn!" Tíṣà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Á pòórá lójú ẹsẹ̀. Wọn ò tún ní rí i mọ́ láéláé. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti máa ń bani, Ìyá Ìbejì!"

Màámi gbọn aṣọ wọn, wọ́n dìde.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ọmọ mi ò lọ."

Ní ìdí ààrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bi wọ́n léèrè ohun tí mo ṣe. Mo fi ìkanra bi wọ́n. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí, ṣùgbọ́n wọ́n rọra fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni.

"O ò ṣe nǹkan kan. Ojú yìí ni. Ojú kan ṣoṣo ni mo bí fún ẹ̀yin méjèèjì. Tí o bá ń rìn lọ láàárín Ìbàdàn, tí o wá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá rí ojú ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíì, ṣé ó tún dìgbà tí wọ́n bá pè é? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí tíṣà yín wí ni?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Màámi ò bínú sí Ìbàdàn. Wọ́n gbà pé ìkejì mi wà níbẹ̀, pé ó ti dàgbà, pé ó ń ta nǹkan kan lójú pópó kan, bóyá ẹ̀gúsí náà ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí wọ́n fi ń ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀ ní Èrúwà, wọ́n ń yẹra fún un ni, kí wọ́n má baà lé e lọ.

Nǹkan mìíràn tún yé mi, òun ló sì bà mí nínú jẹ́ jù. Àkúdàáyà kì í ṣe alààyè. Màámi mọ̀. Àwa tí à ń rọra sọ̀rọ̀ láyìíká wọn, tí a rò pé wọn ò gbà, wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ tí Bàámi bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì. Wọ́n gbà pé ọmọ wọn ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Kó má tún lọ lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń dá a ṣọ́.

Mo jowú ìkejì mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ èmi tó bẹ́ẹ̀.

Bàámi wà ní abà, ìparí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń wálé. Kí wọ́n tó dé, èmi àti Màámi ò bára wa sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "gbé ìkòkò wá" lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí Bàámi gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò ó.

"Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa lónìí. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi—"

Màámi gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́nu. Orin ọpẹ́ ni, wọ́n sì kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, wọ́n ranjú mọ́ ògiri. Ọwọ́ Bàámi ṣì wà lókè. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, ẹbí ló máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹbí wo ló wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà? Àwọn nìkan ni wọ́n ṣe é, àwọn nìkan ni wọ́n mọ ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún. Mo ń bẹ̀ wọ́n nínú mi pé kí wọ́n sọ ọ́ parí, kí a lè jọ sunkún lẹ́ẹ̀kan kí a sì nu ojú nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin náà parí, Bàámi ti gbé ọwọ́ wọn sórí itan.

"Kó bojú," ni wọ́n wí.

"Kí lẹ wí?"

"Kó fi ìborùn bojú. Tí mọ́tò bá ti kọjá Ìdó tó wà lẹ́nu Ìbàdàn, kó bò ó, kó má ṣí i títí wọ́n á fi kúrò nígboro. Tí ẹnikẹ́ni ò bá rí ojú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa pòórá."

Màámi rò ó, wọ́n tún un rò. "Nínú ilé eré náà ńkọ́?"

"Níbẹ̀ pẹ̀lú."

Bí wọ́n ṣe jẹ́ kí n lọ nìyẹn. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Mo wo Bàámi, mo rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ìmúrasílẹ̀ tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣe ni kí wọ́n lọ aṣọ yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n di irun. Tèmi ni kí n kọ́ bí wọ́n ti ń bojú. Màámi yọ ìborùn dúdú kan jáde, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àlùfáà Mùsùlùmí tó ń gbé ní òdìkejì ilé wa, ẹlẹ́hàá ni, pé kó kọ́ mi bí aṣọ ò ṣe ní í yọ̀. Ìyàwó àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti fẹ́ wá bá wọn kírun ni. Kò bi wá ní ìdí rẹ̀, ó dè é fún mi, ó kù ojú nìkan tí mo fi ń ríran. Màámi ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀ ní àgbàlá. Wọ́n ní kí n sáré. Wọ́n ní kí n wúkọ́. Aṣọ náà ò yọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé náà, wọ́n fún mi ní mọ́ín-mọ́ín méjì tí wọ́n fi ewé pọ́n.

"Ọ̀kan fún ọ. Gbé ìkejì sí ibi tó bá mọ́ níbẹ̀. Tí o bá ti gbé e sílẹ̀, má wẹ̀yìn."

Nínú lọ́rì, orin là ń kọ títí dé Èrúwà. Nígbà tí a kọjá Ìdó, mo fa ìborùn mi wálẹ̀, mo dè é. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́hàá mọ́dà!" ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀kan fẹ́ fà á ya, mo bù ú lọ́wọ́ jẹ, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Tíṣà wo ìborùn náà títí. Mo rò pé ó ti rántí ìtàn tó sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, pé ó ti rí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi dé.

Ẹ wá wo èmi tí mo rò pé mo gbọ́n ju Màámi lọ. Bí a ṣe wọ Ìbàdàn láti Elẹ́yẹlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo ń wo gbogbo ọmọbìnrin tó gbé igbá lórí, gbogbo èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo èyí tó bá yíjú. Orí mi ní irọ́ ni, ojú mi ò gbọ́. Ìlú náà kún fún èèyàn ju bí mo ṣe rò lọ, òrùlé rẹ̀ pupa lọ súà, mo sì ń ronú pé ibi tí èèyàn pọ̀ tó báyìí, ó lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí mo bá rí i, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mọ̀ pé màá pè é.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe eré náà, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Mo gbé mọ́ín-mọ́ín sórí ògiri kúkúrú kan níta, mi ò wẹ̀yìn. Inú ilé ṣókùnkùn. Obìnrin tó ṣe àkúdàáyà kò kun ẹfun, kò ṣe ojú burúkú. Èèyàn bíi tiwa ni, ó ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń pọn ọmọ. Ẹ̀rù rẹ̀ wà nínú bó ṣe máa ń dákẹ́ lójijì tí àlejò bá wọ ọjà, tí á sì fi gèlè bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé látẹ̀yìn wa, tó ń gba àárín àwa òǹwòran bọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ti mọ̀. "Sá!" ni wọ́n ń pariwo. "Sá lọ!" Àbúrò náà dúró. Ó pè é lórúkọ, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Iná kú.

Nígbà tí iná tún tàn, igbá ìrẹsì nìkan ló wà níbẹ̀, àti gèlè rẹ̀ lórí àga. Ọmọ tó pọ̀n ń ké níbì kan tí a ò rí.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi di mọ́ra wọn, wọ́n ń ké. Tíṣà alára ti dìde dúró. Èmi ò ké. Omi ń dà lójú mi sínú ìborùn, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má ṣí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ojú àbúrò yẹn ni mo ń wò. Kò ṣe ohun búburú kankan. Inú rẹ̀ dùn láti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìyẹn náà ló sì pa á.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ tán nígbà tí a padà dé. Màámi ò dúró dè mí nílé, etí títì ni wọ́n wà. Wọn ò bi mí bí eré ṣe rí.

"Ṣé o bojú?"

"Mo bò ó, Màámi."

"Kò sẹ́ni tó dá ọ dúró? Kò sẹ́ni tó ní òun mọ̀ ọ́ rí?"

"Kò sí."

"Mọ́ín-mọ́ín ńkọ́?"

"Nígbà tí a jáde, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ewúrẹ́ pọ̀ ní àdúgbò náà. Mi ò mẹ́nu kan ewúrẹ́. Màámi mí kanlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ó ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a fi délé.

Ogun parí, mo jáde ilé ìwé, èmi náà di tíṣà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni inú rírun mú Màámi tí kò fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Dókítà tó wà nílùú wa sọ fún wa pé kò sí ohun tó kù tí òun lè ṣe, pé ní Ìbàdàn wọ́n lè la inú náà, ó sì ṣeé ṣe kí Màámi yè é. Màámi kọ̀. Àwọn àgbà bẹ̀ wọ́n. Bàámi, tí mi ò rí kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí, bẹ̀ wọ́n. Mọ́tò ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró. Mo lọ wá ìborùn dúdú yẹn nínú àpótí, lábẹ́ gbogbo aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí, mo gbé e wá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn.

"Màámi, mo máa bo ojú yín fún yín. Mo ṣì mọ̀ ọ́n dè. Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà lára. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí wọ́n ti ṣe ní ìdí ààrò nígbà yẹn.

"Ojú lo lè bò, ọmọ mi," ni Màámi wí. "Tí mo bá débẹ̀, màá pè é."